Mẹ́tàdínlọ́gọ́fà

Abẹ́ ilẹ̀ ni ilé iṣẹ́ wa wà ní Hatton Garden,
fèrèsé wa ń rí bàtà àwọn tó ń kọjá, kì í rí ojú wọn.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fọ ohun ọ̀ṣọ́ ọba níbẹ̀,
èmi Hester Cobbold, ọmọ Doris
tó rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù ológun títí ojú fi ń dùn ún.
Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì onírun ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọ̀gbẹ́ni Fairweather gbé àpótí kan sọ̀ kalẹ̀ wá,
ó wọ ìbọ̀wọ́ bí agbẹ̀bí.
Péálì olókùn mẹ́ta.
"Okùn ti gbó. Tún un sín. Má wulẹ̀ kà á."
Ta ní lè sín ìlẹ̀kẹ̀ láìkà á?
Mo kà á: mẹ́tàdínlọ́gọ́fà.
Ìwé tó bá a wá ní méjìdínlọ́gọ́fà.

Wọ́n fa ìlà pín ojú ìwé náà sí apá mẹ́ta.
Apá kìíní: ti Adé. Ọba tó bá jẹ ló ń lò ó,
kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ fi tọrẹ.
Apá kejì: ti ẹbí. Èyí ni ìyá àgbà lè bọ́ lọ́rùn
kó fi sọ́rùn ìyàwó ọmọ tó bá wù ú,
kí àwọn yòókù sì máa gbé itọ́ mì.
Apá kẹta kò lórúkọ.
Ẹnì kan fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ síbẹ̀: Kò dájú.
Ibẹ̀ ni péálì yìí wà.

Ọba kan létí òkun Íńdíà ló fi ta ayaba ìgbà kan lọ́rẹ.
Ṣé obìnrin náà ló fún ni, àbí adé orí rẹ̀?
Agbẹjọ́rò mẹ́ta ti kú sórí ìbéèrè yìí.
Kò sí èyí tó béèrè iye ìbọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà
lọ́jọ́ tí ọwọ́ ọlọ́rẹ ń là.
Kò sí èyí tó béèrè ọkùnrin tó di imú, tó rì sísàlẹ̀,
tó fi ọ̀bẹ ya ẹnu karawun.
Ohun ẹlẹ́ran rọ̀bọ̀tọ̀ tó ń gbé inú karawun,
òun gan-an ni olóhun àkọ́kọ́,
kò lọ́wọ́ tí yóò fi fọwọ́ síwèé.

Nígbà tí ìyá mi kú, kí ara òkú tó tutù
ni ìwé owó orí ogún ti dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba.
A ta ilé.
Ohun tí ọba bá fi sílẹ̀ fún ọba,
oníbodè a yí ojú sí ògiri.
Èmi ò bínú. Irọ́ ni, mo bínú díẹ̀.
Òrùka kan ló kù, fàdákà, olókùúta aláwọ̀ sánmọ̀.
Mo ní tèmi ni, Clifford àbúrò mi ní tòun ni,
ọdún mẹ́sàn-án la ò fi kí ara wa.
Ogún, ogun: àmì ohùn kan péré ló wà láàárín wọn.
Ó fi fẹ́ Noreen. Noreen lọ, òrùka bá a lọ.
Ó wà níka ẹnì kan ní Swansea báyìí,
ọmọ rẹ̀ yóò pè é ní ti ìyá mi lọ́jọ́ kan,
kò sì ní purọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sín in. Péálì kan, kókó kan,
péálì kan, kókó kan, kí wọ́n má baà ha ara wọn.
Péálì kì í ṣe tèmi. Òwú sílíkì yẹn,
èmi ni mo fowó mi rà á ní ṣọ́ọ̀bù Abernethy,
wọn ò tíì san án padà.
Ibi tí ọ̀kan ti sọnù, mo fa òwú gùn díẹ̀,
mo gbé e sí ẹ̀yìn ọrùn,
níbi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ti ní rí i láé,
tí ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Fairweather padà wá ní aago mẹ́rin.
"Ṣé o kà á?"
Mo ń nu ọwọ́ mi. Bàtà pupa ọmọdé kan sáré kọjá lójú fèrèsé.
"Ẹ sáà sọ pé kí n má kà á," ni mo wí.